Ìwọ́wé, tẹ̀tù, àti ọ̀bẹ tí a kò tíì pọ́n: kí ni ká máa pe káspéèsì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún orúkọ tí a máa pe apoptosis ní Yorùbá, ìyẹn ikú tí sẹ́ẹ̀lì ń kú létòlétò: "ikú àyànmọ́", "ìpara-ẹni sẹ́ẹ̀lì" àti "ìwọ́wé". Ẹnìkan tún ní ká máa pe káspéèsì (caspase), ẹ̀ńsáìmù, ìyẹn prótéìnì òṣìṣẹ́, tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ní "apasẹ́ẹ̀lì". Ìwọ́wé ni mo fara mọ́. Mi ò fara mọ́ apasẹ́ẹ̀lì rárá.

Àwa náà la sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Ikú yìí ń gbóògùn. Bí a bá da zVAD-fmk, kẹ́míkà tó ń dá káspéèsì dúró, sí sẹ́ẹ̀lì, á lẹ̀ mọ́ ojú káspéèsì, gígé á sì dúró. Prótéìnì kan tó ń jẹ́ BCL-2 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń dí ọ̀nà ikú náà pa. Venetoclax, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2016 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ń di BCL-2 mú kí ọ̀nà lè tún ṣí. Ohun tó ṣeé dá dúró, tó sì ṣeé tú sílẹ̀, kì í ṣe àyànmọ́. Ìpara-ẹni kò bá a mu bẹ́ẹ̀ náà, torí pé nígbà mìíràn ìta ni àṣẹ ti ń wá, bíi èyí tí Fas, prótéìnì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ń gbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ sì ni lẹ́nu wa. Kò yẹ ká máa fi ṣàlàyé fún ọmọdé bí ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe pínyà nínú oyún.

Lọ́dún 1972 ni Kerr, Wyllie àti Currie gbé orúkọ náà jáde. James Cormack, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Aberdeen, ló fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò fún ewé tó ń bọ́ lára igi. A ní tiwa nílé: ìwọ́wé. Igi tó ń wọ́wé máa ń kọ́kọ́ fa oúnjẹ inú ewé padà, á wá ya ewé náà nípá láti ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń súnkì, tó ń pín sí wẹ́wẹ́ tí awọ ṣì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ará ìtòsí rẹ̀ á sì gbé e mì láìjẹ́ pé ohunkóhun dà sílẹ̀. Ewé tí ìjì já yàtọ̀. Èyí ló jọ necrosis, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́, tí ibẹ̀ á wú, á sì gbóná. "Ìkẹ̀" ni mo máa pè é, bí a ṣe ń sọ pé egbò kẹ̀. Ẹni tó ní ìwọ́wé ti jẹ́ orúkọ àsìkò kò purọ́, àmọ́ ìgbà ìwọ́wé nìyẹn, ìwọ́wé sẹ́ẹ̀lì nìyí.

Ó wá ku káspéèsì. Orúkọ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́dún 1996 kò sọ̀rọ̀ ikú: "c" dúró fún cysteine tó ń gé, "asp" fún aspartate tó ń gé lẹ́yìn rẹ̀. Amino acid, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń to prótéìnì, ni méjèèjì. Káspéèsì-1 ń gé interleukin-1β, prótéìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra, kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára tó ń gbóná. Káspéèsì-14 wà nínú awọ ara, ó ń bá a gbó dáadáa. Apasẹ́ẹ̀lì purọ́ mọ́ àwọn méjèèjì yìí. Ẹ jẹ́ ká fi káspéèsì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a lọ ló ṣe pàtàkì sí mi. Ẹ má kọ "jẹ", ẹ má kọ "rún". Ẹ wo prótéìnì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tí amino acid jẹ́ ẹyọ rẹ̀, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ipò tirẹ̀. Káspéèsì-3 ń wá ẹyọ mẹ́rin, D-E-V-D (D ni aspartate), ó ń ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀, imí-ọjọ́ orí cysteine 163 á sì gé okùn náà lẹ́yìn D ìkẹyìn, pẹ̀lú ìrànwọ́ histidine 121. PARP, prótéìnì tó ń bá wọn tún DNA ṣe, tó wúwo tó 116 kDa (kDa ni a fi ń wọn prótéìnì), ń jẹ ojú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan péré, láàárín ẹyọ 214 àti 215, ó di 89 àti 24. Ojú kan, ọ̀bẹ kan. Gígé ni.

Àwọn kan ń pe procaspase, ìyẹn káspéèsì tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní "ọ̀bẹ inú àkọ̀". Ọ̀bẹ inú àkọ̀ ti mú tẹ́lẹ̀. Procaspase-3 kò tíì mú: okùn ẹlẹ́yọ 277 ni, méjì ti so mọ́ra, ṣùgbọ́n ojú ọ̀bẹ kò tíì tò, torí pé ibi tó so apá ńlá mọ́ apá kékeré ṣì wà ní odindi. Ìgbà tí wọ́n bá gé e lẹ́yìn aspartate 175 ni ojú yẹn ń tò, a ó wá ní apá ńlá méjì, apá kékeré méjì, ojú ọ̀bẹ méjì. "Ọ̀bẹ àìpọ́n" ni mo dábàá. Káspéèsì-9 kò bá èyí lọ o: prótéìnì Apaf-1 méje tó tò yíká bíi kẹ̀kẹ́ ló ń kó o jọ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, ìsopọ̀ yẹn ló sì ń jí i, kì í ṣe gígé.

Ìpín méjì ni àwọn káspéèsì ìwọ́wé, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti àwọn tó ń parí rẹ̀: 8 àti 9 ni "apàṣẹ", 3, 6 àti 7 ni "tẹ̀tù", torí tẹ̀tù ààfin kì í dá idà yọ láìgba àṣẹ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé arúfin ni tẹ̀tù ń pa, sẹ́ẹ̀lì àárín ìka kò sì rúfin kankan.

*

Èsì ẹlòmíràn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ tẹ̀tù kúrò. A nílò rẹ̀ nídìí àyẹ̀wò.

Bí a bá da DEVD-pNA, ìyẹn ẹyọ DEVD tí a so mọ́ aró pNA, sí omi sẹ́ẹ̀lì ní 37 °C, gígé á tú pNA sílẹ̀, omi á di àwọ̀ ìyeyè, a ó sì fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kà á ní 405 nm. Káspéèsì-7 náà ń gé DEVD. Àwọ̀ yẹn kò lè sọ èwo nínú wọn ló gé e, síbẹ̀ "iṣẹ́ káspéèsì-3" ni ọ̀pọ̀ ń kọ sábẹ́ àwòrán. "Iṣẹ́ tẹ̀tù" ló tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ 3 gan-an, kó fi áńtíbọ́dì (prótéìnì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) wá apá ńlá rẹ̀ tó jẹ́ 17 kDa.

Ọ̀bẹ yín tún fún wa ní ọ̀rọ̀ kan sí i. Imí-ọjọ́ cysteine yẹn a máa bá ọ́síjìn lò pọ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò ní gé mọ́: ọ̀bẹ ti dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po DTT 10 mM, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ dógùn-ún, mọ́ omi àyẹ̀wò, tuntun, lọ́jọ́ tí a máa lò ó. Bí DTT bá ti pẹ́ nínú omi, àwọ̀ á ṣá, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé sẹ́ẹ̀lì kò wọ́. Mo máa kọ "dógùn-ún" síwájú "DTT" nínú ìwé ìtọ́ni wa, àyàfi tí ẹnìkan bá ní èyí tó sàn jù.