Ìpolongo ṣíṣọ́ iná lò ládùúgbò: kí la máa sọ tí àwọn èèyàn á fi gbọ́?

Akọ̀wé Àdúgbò (Àkóbọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníná. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa fẹ́ ṣe ìpolongo lórí bí a ṣe lè máa ṣọ́ iná lò nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù. Band A la wà, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí yúnítì Band A ti fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225, bí wọ́n tiẹ̀ tún dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ owó iná kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ní ìpàdé. Bébà tí a kọ́kọ́ kọ kò ju "Ẹ pa iná tí ẹ ò bá lò" lọ. Àwọn àgbà kan ní ta ni kò mọ ìyẹn. Àwọn ilé kan ní mítà tiwọn, àwọn kan ń pín mítà kan lò nínú ilé olójúkojú, àwọn díẹ̀ kò tíì ní mítà rárá, bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń san. Kí la máa kọ sí bébà náà gan-an? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́?

Oníwáyà Mọ́kọ́lá

Òótọ́ làwọn àgbà yẹn sọ. "Ẹ pa iná" ń mú kí èèyàn máa lé gílóòbù kiri, nígbà tí ohun tó ń jẹ yúnítì jókòó sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù, ibẹ̀ lowó ń gbà lọ.

Ẹ kọ́ wọn ní ìṣirò: ẹ wo wáàtì tó wà lára nǹkan, ẹ fi iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1000 pín in. Yúnítì nìyẹn. Fáànù òkè tó jẹ́ 75 wáàtì á fẹ́ ju wákàtí 13 lọ kó tó jẹ yúnítì kan. Garawa omi lítà 20 tí ẹ fi rìǹgì, irin oníná tí à ń kì bọ omi, gbé láti ìwọ̀n ooru 25 dé 45 ti jẹ ìdajì yúnítì, ó kù díẹ̀. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń wẹ omi gbígbóná láràárọ̀, tí a bá sì ka yúnítì kan sí ₦200, owó omi ìwẹ̀ nìkan ju ₦11,000 lọ lóṣù. Ìdí nìyẹn tí bébà omi ìwẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jáde kí ọyẹ́ tó dé, ní oṣù kọkànlá. Tó bá di oṣù kejì, ooru ni kẹ́ ẹ máa sọ.

Gílóòbù kan wà tó yẹ ká dá sọ ṣá: èyí tó ń mọ́jú lára fẹ́ǹsì. 60 wáàtì àtijọ́ tó ń tàn fún wákàtí 12 á jẹ nǹkan bí yúnítì 21 ààbọ̀ lóṣù. LED 9 wáàtì kò ní jẹ ju 3 àti díẹ̀ lọ. Àmọ́ kí wọ́n má fi wáàtì nìkan ra LED. Kí wọ́n wo lumen, ìyẹn bí iná náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, lára páálí. 9 wáàtì tó dáa máa ń fún yín ní nǹkan bí 800. Èyí tí wọ́n kọ "30W" gàgàrà sí lára tí kò kọ lumen kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ní ti bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, mítà yín fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ síbi "imp/kWh", ìyẹn iye ìgbà tó máa ń ṣẹ́jú fún yúnítì kan. Tó bá jẹ́ 1000, ẹ ka ìṣẹ́jú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí aago, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì tí ilé ń lò lásìkò yẹn nìyẹn. Ẹ tan nǹkan kan ṣoṣo, ẹ kà á, ẹ pa á, ẹ tan òmíràn. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí bí iná yẹn ṣe ń sáré nígbà tí rìǹgì wà nínú omi kò nílò ìwàásù.

Fíríìjì àti Éésì (Òkè-Àdó)

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ti sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má fo fíríìjì, torí òun ni kì í lọ sísinmi ọ̀sẹ̀. Ẹ fi náírà bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kẹ́ ẹ wá fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà kò mú mọ́. Ẹ má tíì ra òmíràn: ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ ná, torí ìdọ̀tí àti òróró ọbẹ̀ ló sábà ń gbé e sókè. Ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn fíríìjì àti ògiri. Ibẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde. Tí kò bá rí ibi jáde, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò ní dúró.

Yìnyín tó bá ti nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ pa á kó yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ọ̀bẹ á lu páìpù, gáàsì á jò díẹ̀díẹ̀, fíríìjì á wá máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru láìtutù. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gáàsì sí tí gáàsì náà kò tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ fetí sí i lóru tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i: èyí tó pé máa ń dákẹ́, á sinmi, á tún gbéra.

Àwọn èèyàn máa ń yí bọ́tìnnì dé ìparí nítorí pé NEPA lè mú iná lọ. Kí inú fíríìjì tutù dé ìwọ̀n 3 sí 5 lórí °C ti tó. Fìríísà tó ṣófo, ẹ fi ike omi kún un. Yìnyín inú ike ló máa mú un dúró tí iná bá lọ.

Ní ti tòkunbọ̀, kí wọ́n ka ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Èyí tó jẹ́ 110V láti Amẹ́ríkà á nílò tiransifọ́mà, tiransifọ́mà náà á sì máa jẹ iná tirẹ̀ lójoojúmọ́. Éésì: ẹ fi sí 24 tàbí 25, ẹ máa fọ fílítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì lásìkò ọyẹ́. Yàrá tó ní fèrèsé lúfà tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, òde lẹ̀ ń mú tutù.

Ayẹ̀wò Ọ́fíìsì (Dùgbẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Akọ̀wé. Ẹni tó wà lórí bíìlì àfojúdá kò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣọ́ iná lò, torí bó lò ó, bí kò lò ó, iye kan náà ni wọ́n máa gbé wá. Ìpolongo tiwọn ni kẹ́ ẹ bá wọn kọ̀wé béèrè mítà lọ́dọ̀ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún Ìbàdàn. Ilé olójúkojú ní wàhálà tó jọ ọ́: tí wọ́n bá ń dá owó dọ́gba-dọ́gba, ẹni tó ní gílóòbù kan ló ń sanwó fìríísà aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà fi mítà kékeré sí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kà á pọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ra yúnítì. Láìṣe ìyẹn, ìjà ni bébà yín máa dá sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, "gbogbo wa" kì í pa nǹkan kan. Ẹ yan ẹnì kan, kí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹ kọ ohun tí bíréékà kọ̀ọ̀kan ń gbé sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lè pa èyí tó yẹ láìbẹ̀rù pé òun á pa ti fìríísà. Ẹ̀rọ omi mímu tó ń gbóná tó sì ń tutù ni wọ́n máa ń gbàgbé jù; á máa se omi fún ọ́fíìsì tó ṣófo títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bébà náà kò gbọ́dọ̀ ju ohun mẹ́ta lọ, owó ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe wáàtì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà. Tí agbára ẹgbẹ́ bá ká ìkéde rédíò, Amúlùdún 99.1 ní Mọ́níyà ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Akọ̀wé Àdúgbò (Àkóbọ̀)

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: 3200 ni wọ́n kọ sára mítà ibí. Ẹnì kan sì ní iná pupa tòun ń ṣẹ́jú bí òun tiẹ̀ pa gbogbo nǹkan.

Oníwáyà Mọ́kọ́lá

Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí aago, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 3200 pín in, kẹ́ ẹ tó fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ẹ bá ka 240, wáàtì 750 ni.

Ti ẹnì kejì: kó pa bíréékà ńlá tó tẹ̀ lé mítà. Tí ìṣẹ́jú bá dúró, inú ilé ni. Kó tan án padà, kó máa pa àwọn bíréékà kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa rí èyí tó ń fa iná. Kó kọ́kọ́ wo pọ́ǹpù kànga, iná fẹ́ǹsì, àti wáyà tó bá gba ara ògiri tútù kọjá. Ó tún lè jẹ́ pé wáyà aládùúgbò ti wọ inú tirẹ̀. Tí bíréékà ńlá bá kú tí iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú, kó pe IBEDC. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sílì mítà.