Ẹ̀rọ TENS àti ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún ọkọ mi nítorí èémí rẹ̀ tó máa ń dá dúró lójú oorun, dókítà sì ti sọ pé òun kò ní fún un ní oògùn apàrora tó le. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ TENS, tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta awọ ara, lè rọ́pò oògùn náà?

Èsì: Àǹtí mi, ẹ kú àníyàn. Ọ̀rọ̀ dókítà yín tọ̀nà, nítorí pé mọfíìnì, kodíìnì àti àwọn ẹbí wọn máa ń dín agbára mímí kù, bẹ́ẹ̀ ọ̀fun ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró tẹ́lẹ̀ yóò tún wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

TENS kò lè rọ́pò oògùn. Ó kàn lè kún un lọ́wọ́ ni. Ní 1965, àwọn onímọ̀ nípa ìrora méjì, Melzack àti Wall, ṣàlàyé pé ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn lè dí ọ̀nà mọ́ ìrora nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kí ó tó dé ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fọwọ́ ra ibi tí a bá fi gbá nǹkan. Bí ẹ bá yí ẹ̀rọ náà sí nǹkan bí 80 sí 120 Hz (Hz ni iye ìgbà tó ń ta ara láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tó ń ta ara láì dunni, ọ̀nà yìí ló ń gbà ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà láàárín 2 sí 10 Hz, tí ẹran ara ń fò díẹ̀díẹ̀, ara ni yóò máa tú èròjà apàrora tirẹ̀ jáde.

Ibi tí ẹ ó lẹ páàdì mọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀fun ló ń dùn ún, ọwọ́ yóò sì fẹ́ sáré lọ síbẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ láéláé: iná níbẹ̀ lè mú kí ọ̀nà èémí fún pọ̀, ó sì lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn olùwádìí yíjú sí etí, níbi tí ẹ̀ka kan lára vagus, iṣan ìmọ̀lára tó ti ọpọlọ gba ọrùn lọ sí àyà àti ikùn, ti sún mọ́ awọ. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló yẹ kó fi ẹ̀rọ etí sí aláìsàn lára. Kì í ṣe ohun tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi dán ara wò. Ẹ bi dókítà tó máa kùn ún lóorun léèrè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Bí ó bá ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ ìlù ọkàn, tàbí èyí tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà láti máa ta iṣan ahọ́n lóru, kó má fi TENS kan ara rárá láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Èyí tó ń ta ahọ́n wà fún èémí, kì í ṣe fún ìrora. Àwọn ènìyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó lè gbé e sára sùn, bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká tó gan?

Èsì: Rárá o. Bí dókítà bá gbà, kó lò ó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tí ojú rẹ̀ là, lórí awọ tí kò ní egbò, kó sì tú u kúrò. Lóru, ẹ gbé orí rẹ̀ ga, bí ó bá ti ń lo CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀nà èémí lójú oorun, ẹ bi àwọn dókítà bóyá kó padà sí i, kó sì máa lo parasitamọ́ọ̀lù lásìkò tí wọ́n bá kọ fún un, torí ìrora náà lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tútù lẹ́nu rẹ̀, tàbí èémí rẹ̀ ń le, ẹ pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn lójú ẹsẹ̀.