Bátìrì méjì inú píkọ́ọ̀pù díísù: ṣé ẹyọ kan ni kí n rà àbí méjèèjì?

Akólẹ́rù Minnesota: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. F-250 mi, 2006, èyí tó ní ẹ́ńjìnì díísù 6.0, láàárọ̀ yìí -12°F (bíi -24°C) ni ìta wà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn ṣe gìrì… gìrì… gì, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ó bá dákẹ́. Ẹrù wà lórí tirélà tó yẹ kó ti dé Duluth. Oṣù karùn-ún ni mo kó kúrò ní Houston wá síbí, gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́hùn-ún kò yọ mí lẹ́nu rí. Mẹkáníìkì kan tí mo pè sọ pé sítátà àti alternator (èyí tó ń ṣáájì bátìrì) ni, kí n lọ wá owó sílẹ̀. Bátìrì ọwọ́ dírẹ́bà, mo pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ti ọwọ́ kejì mo bá a nínú ọkọ̀ ni. Ṣé kí n ra ẹyọ kan sí i? Irú wo ló dáa?

Bọ̀dá Ríwáyà: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Fi owó sítátà sápò ná. Mo ṣe ríwáyà ní Ìbàdàn kí n tó dé North Dakota níbí, ọkọ̀ díísù náà ni mo ṣì ń tún ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lásìkò yìnyín ni bátìrì àti wáyà tó ti dípẹtà. Díísù ò ní plug tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù, ńṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná tó láti ran epo, ìdí nìyẹn tó fi gba agbára kó tó yí, glow plug, irin tó ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná, á sì ti mu iná tiẹ̀ kí sítátà tó bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó pé gan-an, tó bá fi máa dé 0°F (bíi -18°C), agbára ẹ̀ á ti já sí bí ìdajì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì náà á sì ti ki bí oyin.

Torí wọ́n so bátìrì méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, òru mọ́jú ló máa fi máa fa iná èkejì mu. Tó o bá gbé mítà lé wọn bí wọ́n ṣe wà yẹn, irọ́ ló máa pa fún ẹ. Tú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó o tó fọwọ́ kan pupa, jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún bíi wákàtí kan, kó o wá wọn wọ́n. 12.6 volt lọ sókè, ó kún. 12.4, wọ́n ti jẹ níbẹ̀. 12.2, ìdajì ló kù. Tó bá ti wá sí 12 sísàlẹ̀, ebi ń pa á gan-an. Wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ náà, lára ọ̀pọ̀ wọn A ni oṣù kìíní, B ni oṣù kejì, nọ́ńbà ẹ̀ ni ọdún.

Má sì yí i mọ́ o! 6.0 yẹn ní àpótí kan tí wọ́n ń pè ní FICM, òun ló ń sọ 12 volt di 48 fún injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Bátìrì tó rọ, àpótí yẹn ló ń jìyà ẹ̀, tó bá sì jó, owó ẹ̀ á jẹ́ kó o máa fi owó bátìrì ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Katy: Àbúrò, èmi ṣì wà nítòsí Houston tó o sá kúrò yẹn. Ooru ibí ló pa bátìrì ẹ, òtútù yín kàn sin ín ni. Ooru máa ń jẹ inú bátìrì, á sì gbẹ omi ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ò béèrè agbára púpọ̀, èèyàn ò ní mọ̀ pé ó ti ń kú. Èmi, tí bátìrì bá ti pé ọdún mẹ́ta, mo máa ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, AutoZone àti O'Reilly máa ń bá èèyàn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó ní ìdérí, ẹ máa ṣí i wò. Omi distilled nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣáájì ẹ̀ kún. Ẹ má da ásíìdì sí i bíi tàwọn tó ń ṣáájì bátìrì lẹ́bàá títì nílé o, omi ló ń gbẹ, ásíìdì ò lọ síbì kankan.

Àǹtí Edmonton: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ram mi tó ní Cummins, mi ò tíì ra sítátà rí, nítorí pé block heater, ohun oníná tó ń mú ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ọ́wọ́, ni mo ń lò fún un. Orí wáyà ẹ̀ máa ń yọ jáde níwájú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ timer, á tàn ní bíi wákàtí mẹ́ta kí n tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kò sídìí tí ẹ fi máa tàn án mọ́jú, owó iná ni. Bátìrì ò lè yí yìnyín, ẹ bá a mú kí ẹ́ńjìnì rọ̀ ná. Ẹ má fọ́n ether, èyí inú agolo tí wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnì jí, sínú ọkọ̀ tó ní glow plug o, kò níí pa yín lẹ́rìn-ín.

Akólẹ́rù Minnesota: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ọwọ́ dírẹ́bà 11.9. Èkejì 10.4! Lẹ́tà ara ẹ̀ ni F, nọ́ńbà 8, oṣù kẹfà 2018 nìyẹn. Aládùúgbò mi ti gbé wáyà jọ́ḿpà dé, ṣé kó so ó?

Bọ̀dá Ríwáyà: Dúró! 10.4, cell kan ti kú nìyẹn, mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní volt méjì ó lé díẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ṣé kò wú?

Akólẹ́rù Minnesota: Ó wú sà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Bọ̀dá Ríwáyà: Ó ti dì nìyẹn. Bátìrì tó kún kì í dì nínú òtútù yín yìí, èyí tí iná ti tán nínú ẹ̀ ló ń dì. Ẹ ò gbọdọ̀ so wáyà mọ́ ọn, ẹ ò gbọdọ̀ ṣáájì ẹ̀, ó lè bú gbàù, ásíìdì á wọ ojú. Yọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Méjèèjì ni kó o rà. Ìbejì ni wọ́n, irú kan náà, oṣù kan náà, torí èyí tó gbó ló máa fa èyí tó tuntun wálẹ̀. Group 65 ni ìwọ̀n tó máa wọlé. Nọ́ńbà tó o máa wò ni CCA, ìyẹn agbára tó ní láti yí ẹ́ńjìnì nínú òtútù, 750 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, tó o bá rí 850, mú un. AGM, irú bátìrì tí wọ́n dé pa, dáa, kì í béèrè omi, ìgbọ̀nrìrì ò sì tètè pa á, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Tówó ò bá tó AGM méjì, ra olómi méjì, má ra ọ̀kan ọ̀kan.

Kó o tó gbé e sí i, po baking soda mọ́ omi, fi fọ orí wáyà, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí á fi dán, tẹ̀lé wáyà dúdú dé ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnì kó o fọ ibẹ̀ náà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, kì í ṣe bíi DAF tó ń kó yanrìn nílé tó jẹ́ 24 volt. Èmi gan-an, oṣù tí mo dé ibí, ọwọ́ mi ti ń so ó bíi ti tírélà, ọ̀gá mi ló pariwo, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni ì bá jó mọ́ mi lọ́wọ́.

Akólẹ́rù Minnesota: Méjì olómi ni mo rà, 850. Ó tan! Ẹ́ẹ̀kan péré! Alternator ń gbé 14.2, kò sóhun tó ṣe é. Mo ti ń lọ sí Duluth. Èyí tó wú, mo ti dá a padà, wọ́n fún mi lówó core ẹ̀, owó ìdógò tí wọ́n máa ń dá padà téèyàn bá gbé bátìrì àtijọ́ wá. Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá ni mo fi pamọ́, wọ́n dán an wò, ó ṣì dáa. Mo fẹ́ bá wọn fi sínú kọ̀ńténà oṣù tó ń bọ̀, kí bàbá mi fi ṣe inverter ní Ṣàgámù.

Ẹ̀gbọ́n Katy: Inverter kẹ̀? Bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnì jí nìyẹn, agbára ìṣẹ́jú àáyá ló ní. Tí bàbá bá fi wo bọ́ọ̀lù mọ́jú lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó ti tán. Irú tubular, èyí tí wọ́n ṣe fún inverter, ni wọ́n nílò. Ásíìdì nínú kọ̀ńténà pẹ̀lú aṣọ èèyàn, àbúrò?

Àǹtí Edmonton: Dá a padà jàre, gba owó core kejì.

Akólẹ́rù Minnesota: Tí mo bá ti já ẹrù sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló kàn.