Weyl group ti grading Pauli lórí sl(2,ℂ): ṣé 24 ni àbí 6?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Grading Pauli (grading ni pípín sí àwọn apá tó bá bracket [A,B] = AB − BA mu) pín sl(2,ℂ), ìyẹn àwọn mátíríìsì 2×2 tí trace wọn jẹ́ òdo, sí apá mẹ́ta lábẹ́ ℤ₂×ℤ₂, mátíríìsì Pauli kan sì ni apá kọ̀ọ̀kan ní: X, Y, Z. Mo kó gbogbo automorphism (ìyípadà tó ṣeé dá padà, tó sì ń pa bracket mọ́) tí kì í da ìpín yìí rú jọ, wọ́n jẹ́ 24. Àmọ́ 6 ni ìwé pe Weyl group rẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀? Kí ló sì dé tí ti grading Cartan (e = [0 1; 0 0], h = diag(1, −1), f = [0 0; 1 0]), tóun náà ní apá mẹ́ta, fi jẹ́ 2?

Èsì 1
24 yín pé, ẹ kàn ní láti pín in ni: bí àwọn apá ṣe ń pààrọ̀ ipò nìkan ni Weyl group ń kà. Mẹ́rin nínú wọn ò ṣí apá kankan nípò: èyí tí kò ṣe nǹkan kan, àti M ↦ PMP⁻¹ nígbà tí P bá jẹ́ X, Y tàbí Z. Àmì nìkan ni wọ́n ń yí. Z, bí àpẹẹrẹ, á sọ X di −X, Y di −Y, apá X sì ṣì ni apá X. 24 ÷ 4 = 6.

Ẹ fọwọ́ ṣe é wò. Bí P bá jẹ́ (X+Z)/√2, X àti Z á gbapò ara wọn, Y á di −Y. Bí ó bá jẹ́ diag(1, i), X á di Y, Y á di −X, Z ò ní mira. Pàṣípààrọ̀ méjì yìí tó láti to nǹkan mẹ́ta ní gbogbo ọ̀nà mẹ́fà.

Ní ti Cartan, (ad e)³ = 0 (ad e ni M ↦ [e, M]), ṣùgbọ́n ad h ní eigenvalue 2, 0, −2. Kò sí automorphism tó lè sọ e di h. e àti f nìkan ló lè pààrọ̀: e ↦ −f, f ↦ −e, h ↦ −h. Níbí, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé pípín o, torí e ↦ te, f ↦ t⁻¹f kò lópin.

Èsì 2
Ibi tí wọ́n ti sábà ń ṣì í ni sl(3,ℂ). Níbí, mátíríìsì 3×3 ni X àti Z: X ń yí ipò mẹ́ta po, Z = diag(1, ω, ω²). Ẹ jẹ́ kí ZX = ωXZ, ω³ = 1, ω ≠ 1. Apá mẹ́jọ ló wà, XᵃZᵇ, láìka (0,0). Bracket XᵃZᵇ àti XᶜZᵈ jẹ́ òdo bí a×d − b×c bá jẹ́ 0 ní mod 3. Lọ́hùn-ún, automorphism inú (irú M ↦ PMP⁻¹) ń pa a×d − b×c mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí SL(2,ℤ₃) (mátíríìsì 2×2 ní mod 3 tí determinant wọn jẹ́ 1), tó ní 24. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀. Ó ku M ↦ −Mᵀ, tó ń gbé (a,b) lọ sí (−a,b), tí determinant rẹ̀ jẹ́ −1. Gbogbo rẹ̀ di 48. Ní sl(2), −Mᵀ kàn jẹ́ YMY⁻¹, kò fi nǹkan kan kún un.

Èsì 3
Ẹ wo field yín (irú nọ́ńbà tí ẹ ń lò) kẹ́ ẹ tó ṣírò. Lórí su(2), ìyẹn àpapọ̀ iX, iY, iZ pẹ̀lú nọ́ńbà gidi nìkan, grading Cartan ò sí rárá: òdo nìkan ni eigenvalue gidi tí ad ohunkóhun ní níbẹ̀, kò sí ohun tó máa ya e sọ́tọ̀ kúrò lára f. Ti Pauli wà pẹ̀lú iX, iY, iZ, 6 rẹ̀ sì pé. Tó bá jẹ́ mod 2, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀: [h,e] = 2e ti di òdo, XZ àti ZX náà ti di ọ̀kan náà.