Ṣé ìdin oyin tí wọ́n fi ìda dé ń mí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olóyin. Inú oko kajú lẹ́bàá Ṣakí ni mo gbé àpótí oyin mi sí. Nígbà tí mo ṣí i lánàá, wọ́n ti fi ìda dé orí àwọn ìdin pátápátá. Aládùúgbò mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ lu ìda náà kí atẹ́gùn lè wọlé. Èèrà tún ń gun àpótí, ó ní kí n fọ́n omi ọṣẹ sí afárá. N kò tíì ṣe ọ̀kankan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ohun tí kò ní imú ṣe ń mí nínú ihò tí wọ́n dé?

Ìyá Olóyin: Àbúrò, má fi abẹ́rẹ́ kàn án rárá! Wo ìda méjèèjì dáadáa. Èyí tí wọ́n fi dé oyin jẹ́ ìda gidi, ó mọ́, ó sì ki. Èyí tó wà lórí ọmọ oyin, ìyẹn ìdin, ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí wọ́n po ìda àtijọ́ àti ìdọ̀tí afárá mọ́ ọn, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ọjọ́ 12 ni ọmọ ń lò lábẹ́ rẹ̀ kó tó jẹ ìda náà jáde. Bí o bá lù ú, àwọn oyin òṣìṣẹ́ lè rò pé ọmọ náà ń ṣàìsàn, kí wọ́n fà á síta.

Tíṣà: Ìyá ti sọ òótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ara ni ìdin fi ń mí. Ihò kéékèèké méjì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà 10. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pá tín-ín-rín ti ń pín sínú ara bíi gbòǹgbò, tí ó ń gbé atẹ́gùn lọ bá ẹran ara fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń gbé e. Ẹyin pàápàá ń gba atẹ́gùn láti ara èèpo rẹ̀. Nígbà tí ìdin bá bọ́ awọ, awọ inú àwọn ọ̀pá yẹn a máa bá a jáde, èyí tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Ọmọ Ítálì kan, Marcello Malpighi, kọ̀wé lórí kòkòrò tó ń hun ṣẹ́dà ní 1669. Ó fi òróró dí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kòkòrò náà sì kú. Ìdí nìyẹn tí omi ọṣẹ fi léwu: ó ń wọ àwọn ihò náà. Tánwíjí inú omi náà ń kú bí epo bá bo ojú omi, nítorí òkè omi ló ti ń gba èémí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé ìdí nìyí tí ìdin fi ń kú bí olóyin bá ń gbé e láti inú afárá sínú ife kékeré láti fi tọ́ ayaba oyin?

Tíṣà: Ó wà lára rẹ̀. Ìdin fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn nínú oúnjẹ funfun tí àwọn oyin òṣìṣẹ́ fún un, ihò ẹ̀gbẹ́ kejì ló wà lókè. Bí o bá dà á dé, oúnjẹ á bo tòkè náà. Gbé e láti ẹ̀yìn, kí o sì gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá Olóyin: Ní ti èèrà, ki ẹsẹ̀ pẹpẹ àpótí náà bọ agolo, kí o da òróró àlòkù sí i. Gé koríko tó kan àpótí, torí èèrà á gba orí rẹ̀ gùn ún.