Ìwé ìròyìn ayé ogun nínú àpótí bàbá àgbà: ṣé kí n gé ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn?

Ọmọ Tákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá bàbá àgbà wa mọ́, èyí tí ó ti wà ní títì láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, a bá àpótí onírin kan lábẹ́ ibùsùn, ìwé ìròyìn ló sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. West African Pilot ti ayé ogun Hitler, láti 1942 sí 1945, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Daily Service mélòó kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, Daily Sketch àti Nigerian Tribune ti ìgbà ogun abẹ́lé sì wà lókè. Bàbá kò lọ sójú ogun, òwò ni wọ́n ń ṣe ní Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àbúrò wọn wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, mo sì rò pé ìyẹn ló mú wọn máa ra ìwé ìròyìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ta nǹkan àtijọ́ ní Èkó ní kí n gé ojú ìwé àkọ́kọ́ èyí tí àkọlé rẹ̀ bá tóbi, kí n ṣe é ní làmínéètì, kí n sì da ìyókù nù. Ó ní kí n kọ́kọ́ wádìí bóyá ojúlówó ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀? Ohun kan sì tún rú mi lójú: n kò rí ẹyọ Pilot kan láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 1945 títí di oṣù kẹjọ. Mo fura pé ìyá àgbà, tí wọ́n ń din àkàrà nígbà náà, ti fi wọ́n wé ọjà fún oníbàárà.

Atẹ̀wé Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)
Ọmọ mi, kọ́kọ́ gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé jẹun fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọwọ́ ni mo sì fi ń mọ ìwé ayé ìgbà náà, kì í ṣe ojú. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú bébà; bí o bá fi orí ìka ra ẹ̀yìn ìwé náà wẹ́rẹ́, wàá mọ̀ ọ́n pé ó wú díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ wà. Wo ojú ìṣẹ́po rẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá rí ilà ìṣẹ́po tàbí ojú ìfàya tí ó hàn dúdú, tí ọwọ́ rẹ kò sì bá ìfàya kankan níbẹ̀, àwòrán ìwé míì ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Ojúlówó a sì máa pọ́n láti etí bọ̀ sí àárín. Èyí tí ó bá pọ́n dọ́gbadọ́gba bí ẹni tí a rẹ sínú tíì, fura sí i.

Àmọ́ n kò rò pé ayédèrú wà nínú tìrẹ. Ọjọ́ ńlá ni wọ́n máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀, bíi ọjọ́ tí Jámánì túúbá ní 1945. Ta ni yóò jókòó tẹ ayédèrú ìwé ọjọ́ lásán kan tí ó kún fún ìpolówó kẹ̀kẹ́? Bí o bá sì rí i pé ewé wọn kò pọ̀, má ṣe rò pé ó ti já: bébà ṣọ̀wọ́n nígbà ogun, wọ́n sì ń fún àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ìwọ̀nba.

Olùtọ́jú Ìwé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe làmínéètì rárá. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ṣe bébà ìwé ìròyìn, ásíìdì inú rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iná làmínéètì á dá kún un, ọ̀rá náà kò sì ní ṣeé bó mọ́ láéláé. Èmi fúnra mi ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé ìròyìn 1967 kan tí ó fàya, kò ju ọdún mélòó kan lọ tí ọ̀rá rẹ̀ fi ṣí kúrò, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wọ inú bébà, ó sì fi ilà aláwọ̀ ilẹ̀ kan gba àárín àwòrán kọjá.

Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja láìṣẹ́ wọn po, nínú páálí tí kò ní ásíìdì bí ẹ bá rí i rà, kí páálí náà má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri nítorí ikán. Ẹ má gbé e sí òkè àjà lábẹ́ páànù, ooru ibẹ̀ yóò sọ ọ́ di ẹ̀rún. Fótò ni kí ẹ fi fóònù yà, láìtan iná rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn léraléra. Ní ti gígé, ohun tí ó wà lẹ́yìn àkọlé ńlá ni mo máa ń wá ní tèmi: iye owó ọjà, lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ìkéde ìjọba.

Tíṣà Ìtàn (Ògbómọ̀ṣọ́)
Àbúrò, má bú ìyá àgbà. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí pé ogun ti mú kí ọjà gbówó lórí, owó oṣù wọn kò sì tó jẹun. Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, gbè sẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba amúnisìn fòfin de òun àti Daily Comet, kò sì sí Pilot lọ́jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àlàfo inú àpótí yẹn gan-an wà lára ohun tí ó níye lórí níbẹ̀, nítorí náà má ṣe da ètò bàbá rú. Tún wo àwọn Daily Service yẹn dáadáa. Ọmọ ìlú wa, S. L. Akíntọ́lá, di olóòtú rẹ̀ nígbà tí ogun ṣì ń jà.

Ọmọ Tákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Mo padà síbẹ̀ lánàá, mo fi ìka ra ẹ̀yìn wọn, ó wú bí bàbá Atẹ̀wé ti wí. Mo tún yẹ déètì àwọn Daily Service náà wò: gbogbo wọn pátá, àyàfi méjì, ni ó jẹ́ ti oṣù keje àti oṣù kẹjọ 1945. Nígbà tí bàbá kò rí Pilot rà, òun ni wọ́n ń rà. Àbààwọ́n epo àkàrà wà létí ọ̀kan nínú wọn. N kò ní nù ún kúrò.