Bọ́ílà tó ń mú ìdá 107 nínú ọgọ́rùn-ún: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé tó bá bọ́ílà wa wá (ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì láti mú omi gbóná tó ń mú ilé móoru) ní ìdá 107 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ooru tó ń rí mú nínú gáàsì. Bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní 94. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ki irin tín-ín-rín bọ páìpù èéfín, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ní 88. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Èsì: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jóòótọ́, ohun tí wọ́n wọ̀n ló yàtọ̀.

Bí gáàsì bá ń jó, omi máa ń jáde nínú rẹ̀ bí oru, oru yẹn sì gbé ooru dání. Àwọn kan kì í ka ooru yẹn mọ́ agbára gáàsì, àwọn mìíràn ń kà á. Ìyàtọ̀ ìṣirò méjèèjì tó ìdá 11. Bọ́ílà tuntun ń mú kí èéfín tutù títí oru yóò fi padà di omi, á sì gba ooru náà. Tí ẹ kò kà á nígbà tó wọlé, tí ẹ wá kà á nígbà tó jáde, ó lè ju 100 lọ. Ẹ fi 1.11 pín 107, ẹ ó rí bíi 96. Kò dùn mọ́ mi nínú rárá pé wọ́n ń kọ 107 síwájú ẹni tí wọn kò ṣàlàyé fún.

Ti 94, ti gbogbo àsìkò òtútù ni. Ní Yúróòpù, ìdá 85 ìṣirò náà wá láti ìgbà tí bọ́ílà ń lo bí ìdá 30 agbára rẹ̀, tí omi tó ń padà sínú rẹ̀ wà ní 30°C. Ìdá 15 tó kù ni ti iṣẹ́ àṣekára.

Irin tín-ín-rín yẹn, bí èéfín ṣe gbóná tó àti ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń wò, ní ìṣẹ́jú yẹn péré. Kò mọ ooru tó ń sá jáde lára bọ́ílà, kò sì mọ iye ìgbà tó ń tàn tó ń kú.

Èsì mìíràn: Ìwọ̀n ooru wo lẹ fi omi tó ń lọ sí rédíétọ̀ (irin ara ògiri tó ń mú yàrá móoru) sí?

Olùbéèrè: 80°C ni, ẹ̀gbọ́n.

Èsì: Ibẹ̀ ni 88 ti wá. Omi náà ń padà ní bíi 60, oru kì í sì í di omi dáadáa àfi tó bá wálẹ̀ ju 55 lọ. Ẹ wo páìpù ike kékeré lábẹ́ bọ́ílà: tí omi bá ń kán níbẹ̀, ó ń gba ooru náà. Ẹ dín ooru omi tó ń lọ sí rédíétọ̀ kù sí 60. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní táǹkì omi gbígbóná, ó yẹ kí omi inú rẹ̀ dé 60 nítorí kòkòrò àrùn, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ya tiẹ̀ sọ́tọ̀ ná.